Kónténà ń bọ̀ wá sí Ìsánlú láti Èkó: báwo la ṣe máa tún ilẹ̀ ṣe dè é?

ỌmọÌsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Ìsánlú. Èkó ni iṣẹ́ mi wà, àbúrò mi obìnrin ló ń dúró ti àwọn oníṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti jí irin wa kó, òjò sì ti ba àpò símẹ́ńtì 17 jẹ́ lábẹ́ tapólì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra kónténà àlòkù kan, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20, ká máa kó ẹrù sí i títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i lòun á gbé e wá, kí n ṣáà rí i pé ilẹ̀ wà ní sẹpẹ́. Mo bi í pé sẹpẹ́ báwo, ó ní kó ṣáà ti tẹ́jú. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ìdáhùn yẹn.

Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyí. Apá òkè rẹ̀ jẹ́ yangí pupa, ó le. Apá ìsàlẹ̀ dúdú, bí òjò bá rọ̀ ó máa ń fa bàtà yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Láti ojú títì ọlọ́dà dé ibẹ̀ tó mítà 150, ọ̀nà erùpẹ̀ ni. Gọ́tà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi kọnkéré bò, igi máńgòrò àgbà kan na ẹ̀ka sójú ọ̀nà, wáyà iná sì gba iwájú ilẹ̀ wa kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba kónténà sílé rí, kí ló yẹ ká ṣe?

AráPónyàn

Kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ṣọ́bìrì tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ to pákó mẹ́rin tó nípọn sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lé e. Bí a ṣe ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

ÌyáSímẹ́ńtì_Ẹ̀gbẹ̀

AráPónyàn, ẹ má bínú sí mi, ẹ tètè lọ wo abẹ́ kónténà ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ikán ilẹ̀ wa kì í wo bí pákó ṣe nípọn tó.

Símẹ́ńtì ni mò ń tà, inú kónténà ni mo ń kó o sí. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ fún mi nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà ti dúró pẹ̀lú ọkọ̀, mo ṣí kọ́kọ́rọ́, mo fa irin ìlẹ̀kùn, kò yí. Mo pe ọmọkùnrin méjì, wọ́n fi òòlù lù ú títí, kò yí. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ la tó rí i. Ikán ti jẹ pákó tó wà lábẹ́ igun kan, ó ti ń rú bíi gààrí, igun yẹn sì ti wọlẹ̀. Kò rì ju ìbú ìka méjì lọ. Ìka méjì péré, ó sì ti tó láti jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kan ga ju èkejì lọ, kí irin tó ń tì í há mọ́ inú ihò rẹ̀.

A yá jáàkì lọ́wọ́ onítírélà, a gbé igun náà sókè díẹ̀díẹ̀, a ki irin pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà, kọnkéré ló wà lábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò sì tún fi òòlù kan ìlẹ̀kùn mọ́.

ỌmọÌsánlú, ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ dúdú yẹn rárá.

ẸnjiníàLọ́kọ́jà

Ìdí tí ohun tí Ìyá sọ fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Kónténà kì í fi gbogbo ikùn jókòó. Irin mẹ́rin tó wà ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù, torí bí wọ́n ṣe ń tò ó léra nínú ọkọ̀ ojú omi nìyẹn, igun lórí igun. Bí igun kan bá rì, gbogbo férémù á lọ́, ìlẹ̀kùn ló sì máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Òfìfo ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 wọ̀n tó kílò 2,200 sí 2,300. Ẹ wá kó àpò símẹ́ńtì 200 sí i, kílò 50 ni àpò kan, tọ́ọ̀nù 10 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ ti ju tọ́ọ̀nù 12 lọ, tọ́ọ̀nù 3 ló ń bọ́ sórí igun kọ̀ọ̀kan. Irin igun yẹn kò sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18, kò fẹ̀ tó 17. Tọ́ọ̀nù 3 lórí ohun tí ọwọ́ tí èèyàn bá là á fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán! Bí ẹ bá da kọnkéré tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 lóòró àti níbùú sábẹ́ rẹ̀, ẹ ti tan ẹrù kan náà sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ìlọ́po 12.

Dírẹ́bàỌ̀nàJíjìn

Gbogbo yín ń sọ ibi tí kónténà máa jókòó sí, ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń gbé e kiri, mi ò tíì rí kónténà tó kọ̀ láti jókòó. Èyí tí kò lè dé ibi tó máa jókòó ni mo ti rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Mo gbé ọ̀kan lọ sí abúlé kan ní Ìjùmú. Ọkùnrin náà ti da kọnkéré rẹ̀, ó dán bí àwo. Ìdérí gọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló bẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi lábẹ́, taya méjì wọnú gọ́tà. Ago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ilẹ̀ ṣú ká tó fà á yọ. Ẹ̀bá títì la sọ kónténà rẹ̀ sí, ọjọ́ kẹrin ló tó rí ọkọ̀ mìíràn tó máa gbé e wọlé, owó ọkọ̀ kejì sì jẹ́ tiẹ̀. Ìdérí gọ́tà tí ènìyàn àti ọkàdà ń gbà kọjá kò mọ tọ́ọ̀nù 18.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó tà á pé irú ọkọ̀ wo ló ń bọ̀. Bó bá jẹ́ self-loader tó ní apá kíréènì lára, ó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ fẹ́, á na ẹsẹ̀ irin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ tó le ló ń fẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ibi tó máa gbé e sí, torí bí apá bá ṣe ń gùn sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Bó bá jẹ́ èyí tó ń gbé ẹ̀yìn sókè tó ń yọ́ ẹrù sílẹ̀, ọ̀nà títọ́ gbọnrangandan ló ń fẹ́, torí ńṣe ló máa fi ẹ̀yìn rìn wọlé, tí á sì máa yọ síwájú bí kónténà ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ fún un ní mítà 25 tó tọ́ láìsí ohun kankan níwájú. Bó bá jẹ́ tírélà lásán ni wọ́n fẹ́ fi gbé e, ẹ̀yin lẹ máa wá kíréènì fúnra yín, ẹ yáa béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù.

Ti ọ̀nà: ọkọ̀ fẹ̀ tó mítà 2 àbọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá tọ́, mítà 3 àbọ̀ tó o. Níbi tó bá ti ń yí kúrò lórí títì, ó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ti òkè: kónténà yẹn ga ní mítà 2.59, ẹ fi gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ kún un, ó ti ju mítà 4 lọ. Ẹ gé ọparun tó gùn tó mítà 4 àbọ̀, kí ẹnì kan gbé e dúró lóòró, kó rìn láti títì dé inú ilẹ̀. Ẹ̀ka tó bá kàn án, ẹ gé e.

Kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí ìlẹ̀kùn kọjú sí kí wọ́n tó gbé e sórí ọkọ̀ ní Èkó. Bí wọ́n bá ti gbé e bákan, kò sí bí mo ṣe máa yí i po nínú ọ̀nà tóóró.

ẸnjiníàLọ́kọ́jà

Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, òótọ́ lẹ sọ gbogbo rẹ̀, àfi ibì kan tí mo gbọ́dọ̀ tètè dá sí: ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọparun sún mọ́ wáyà iná. Ọparun tútù ń gbé iná. Wáyà ńlá tó ń gba àwọn ìlú wa kọjá jẹ́ volt 11,000 tàbí 33,000, irú iná bẹ́ẹ̀ kò dúró dìgbà tí nǹkan bá kàn án kó tó fò mọ́ ọn. Ibi igi máńgòrò ni kí wọ́n ti fi ọparun wọ̀n. Tó bá ku bíi mítà 10 sí wáyà, kí wọ́n gbé e sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni apá kíréènì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ kónténà kalẹ̀ lábẹ́ wáyà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ibòmíràn. Tí ọkọ̀ bá sì máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ iná ṣáájú ọjọ́ náà kí wọ́n pa á fún wákàtí kan.

ỌmọÌsánlú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pe ẹni tó tà á: self-loader tó ní apá kíréènì ni. Mo ní kí àbúrò mi mú tépù kó lọ wọn ọ̀nà láàárọ̀ ọ̀la.

BíríkìlàKàbà

Bí wọ́n bá ti wọn ọ̀nà tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìsàlẹ̀, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Ìwọ̀n kónténà yẹn jẹ́ mítà 6.06 sí 2.44. Ogún ẹsẹ̀ bàtà là ń pè é lẹ́nu, kò pé ogún. Bí ẹ bá fi ogún gan-an gbé kọnkéré yín kalẹ̀, tí ẹ sì ṣe é kékeré, igun á bọ́ sí etí rẹ̀. Ẹ ta okùn, ẹ kan èèkàn mẹ́rin, kí ẹ wá wọn láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ lódìkejì: 6.53 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, lọ́nà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, igun yín ò tọ́, ẹ tún un ta.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 60 lóòró àti níbùú. Mi ò dárúkọ bó ṣe máa jìn tó, ẹ ṣáà gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan yangí líle. Ẹ fi ràmà gún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ wá da kọnkéré: símẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, gíráníìtì 4. Kí orí rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ kónténà kọjá, kí irin rẹ̀ má sì jókòó sínú omi.

Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣìṣe ni títẹ́jú rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ dọ́gba. Sípíríìtì lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò gùn dé igun kejì. Rọ́bà funfun tó mọ́lẹ̀ gaara ni kí ẹ lò, ẹ pọn omi sí i. Ẹnì kan di ẹnu kan mú níbi igun àkọ́kọ́, ẹnì kejì gbé ẹnu kejì lọ síbi tó kù. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ ò há sínú rọ́bà, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ péré ti tó láti tàn yín jẹ. Ẹ dúró kí omi fi mímì sílẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn méjèèjì, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìṣó sàmì sí. Mo máa ń fún un láyè milimítà márùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ẹ dà á. Kí ẹ máa bu omi lé e láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, kó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rí ẹrù.

Àti pé kí ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré sí apá òkè rẹ̀, kí omi tó ń ṣàn bọ̀ yí ibẹ̀ po.

AráPónyàn

Mo lọ wo ti ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni Ìyá sọ. Igun méjì ti bẹ̀rẹ̀. A máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ṣeun, mà.

Àbúrò_Ìsánlú

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni àbúrò tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Mo forúkọ sílẹ̀ kí n lè fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo rí.

Mo wọn ọ̀nà láti títì títí dé ilẹ̀. Ó fẹ̀ tó mítà 4 níbi púpọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà igi bàbá kan tó jẹ́ aládùúgbò wa, 2.9 péré ni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà sì ti ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ̀ka máńgòrò kan wà ní mítà 3.6.

Ohun tó ń da mi láàmú jù ni ibi tá a fẹ́ gbé e sí. Iwájú ni ẹ̀gbọ́n fẹ́, kó lè sún mọ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wáyà wà níwájú. Ìsàlẹ̀ dúdú. Òkè lápá ọ̀tún, ibojì ìyá bàbá wa wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé irin dé ibẹ̀. Àárín ló kù, àárín la sì ti fẹ́ kọ́lé. Ẹ gbà mí o.

Dírẹ́bàỌ̀nàJíjìn

Ẹ kú iṣẹ́ ìwọ̀n, àbúrò. 2.9 gba ọkọ̀ níbi tó bá tọ́, pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́ dírẹ́bà sọ́nà. Kò gbà á ní kọ́nà. Ẹ lọ bá Bàbá yẹn sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ti dé iwájú ọgbà rẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín: báwo ló ṣe máa jáde? Ẹ ní ẹ fẹ́ lò ó títí ilé á fi parí. Bí ilé bá ti dúró sáàárín, tí ẹ mọ fẹ́ǹsì yí i ká, níbo ni ọkọ̀ máa gbà wọlé wá gbé e? Mo mọ ibi méjì tí kónténà ti di ará ilé torí èyí.

BíríkìlàKàbà

Àbúrò, òkè lápá òsì ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀.

Àbúrò_Ìsánlú

Ibẹ̀ ni àwòrán ilé fi sọ́kàwéè àti ihò omi sí, sà. Ló jẹ́ kí n fò ó.

BíríkìlàKàbà

Ẹ ò tíì gbẹ́ wọn, àbí? Ẹ sún sọ́kàwéè lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ilé, kó jìnnà dáadáa sí ihò omi, bẹ́ẹ̀ ni ì bá ti wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Kí ẹ wá tẹ́ kónténà lọ gbọọrọ lẹ́bàá ààlà òsì, lórí yangí, kí ìlẹ̀kùn kọjú sí ọ̀nà. Kí ẹ fi mítà 4 sílẹ̀ láàárín òun àti ilé, ibẹ̀ ni típà á máa gbà já iyanrìn, ibẹ̀ náà ni self-loader á gbà wá gbé e lọ́jọ́ mìíràn. Ìlẹ̀kùn méjèèjì ń ṣí gbàgà tó mítà kan àti díẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ má to búlọ́ọ̀kù síwájú rẹ̀.

ẸnjiníàLọ́kọ́jà

Mo fọwọ́ sí i, bí ibẹ̀ bá ti jìnnà sí wáyà. Mítà mélòó ni?

Àbúrò_Ìsánlú

18, sà. Ìṣísẹ̀ ni mo fi kà á, mi ò gbé tépù sún mọ́ ọn.

ÌyáSímẹ́ńtì_Ẹ̀gbẹ̀

Ọlọ́run á pa ẹ́ mọ́, ọmọ mi.

Oṣù kẹsàn-án la wà yìí o. Ṣé ẹ rò pé ọ̀nà erùpẹ̀ yẹn máa gbé self-loader lẹ́yìn òjò òru kan?

Dírẹ́bàỌ̀nàJíjìn

Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn. Ẹ sún un sí oṣù kọkànlá. Bí ẹni tó tà á bá ní ẹ máa sanwó àyè fún oṣù méjì, ẹ dúnàádúrà, owó yẹn ò ní tó owó tí ẹ máa fi fa ọkọ̀ yọ nínú ẹrẹ̀.

Dírẹ́bà tó ń bọ̀ lè gba Ìlọrin, Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì lè gba Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, Òmùò wọ Kàbà. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn onítírélà tó gbà á lọ́sẹ̀ yẹn kó tó yan ọ̀kan. Kó sùn lọ́nà bó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, kó má wọ agbègbè wa lóru. Ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

ỌmọÌsánlú

Ẹ̀yin ará ilé, oṣù kọkànlá rèé, kónténà ti jókòó.

Ẹni tó tà á gbà láti tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ nígbà tí mo ṣàlàyé fún un. Àbúrò mi lọ kí Bàbá pẹ̀lú iṣu mẹ́ta, Bàbá ní ká tú ọgbà náà ní òwúrọ̀, ká sì dì í padà kí ilẹ̀ tó ṣú. A ṣí ìdérí gọ́tà kúrò, a to àpò iyanrìn tí a gún pinpin kún inú rẹ̀, a da òkúta lé e lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ iná pa iná láti ago mẹ́sàn-án. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá lórí gọ́tà, mo wà lórí fóònù, mò ń gbọ́ bí òkúta ṣe ń rún lábẹ́ taya, mi ò lè mí. Ó kọjá. Ọjọ́ kejì la kó àpò iyanrìn jáde kí omi lè ráyè, a dá ìdérí padà.

Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìyókù.

Àbúrò_Ìsánlú

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mi ò jẹ́ kí dírẹ́bà tú ẹ̀wọ̀n. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn. Ti òsì ṣí, ti ọ̀tún ń ha ìsàlẹ̀. A gbé rọ́bà omi sí i: igun ọ̀tún lẹ́yìn fi sẹ̀ǹtímítà kan rẹlẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Wọ́n tún un gbé díẹ̀, bíríkìlà ki irin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ igun náà, wọ́n sọ̀ ọ́ padà. Mo fi ọwọ́ kan fa irin ìlẹ̀kùn, ó yí.

Lẹ́yìn náà mo wọ inú rẹ̀, mo ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn birimù, àfi ibì méjì lórí òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́. Mo fi ìka sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka kan òrùlé kí ẹni tó wà lórí lè mọ ibẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Wẹ́dà lẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àpò símẹ́ńtì 120 ló wà nínú rẹ̀ báyìí, irin sì wà lápá kan.

ÌyáSímẹ́ńtì_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú oríire o! Ṣé orí pákó ni àpò náà wà, àbí ilẹ̀ kónténà gan-an? Ẹ tò ó kúrò lára ògiri, kí ọwọ́ lè kọjá láàárín. Ògiri irin yẹn máa ń làágùn lóru, pàápàá lẹ́yìn òjò, àpò tó bá sì fara tì í ló máa kọ́kọ́ dì.

Àbúrò_Ìsánlú

Orí pákó ni, mà. Ara ògiri ni àwọn tẹ̀yìn wà. Mo ń lọ sún wọn báyìí.